Ìdérí Kékeré Abẹ́ Kẹ̀kẹ́ Akẹ́rù

Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń kó àgbàdo, gbágùúdá àti tòmátì wá sí Àjàṣẹ́. Bí ó bá bàjẹ́ ní ọ̀nà Sakété, tòmátì á rà, owó ọjọ́ náà á sì lọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun kékeré kan tí ó lè fa èyí.

Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń fi ṣéènì yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kò ní ṣéènì. Ọ̀pá irin ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sínú àpótí irin tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Àwọn irin eléyín ń yí ara wọn nínú rẹ̀. Òróró tí ó ki ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè jẹ.

Àpótí náà ní ihò méjì. Ti òkè ni à ń gbà da òróró sí i. Ti ìsàlẹ̀ ni à ń gbà dà á nù. Ìdérí kan wà lójú ihò kọ̀ọ̀kan.

Kí ni òòfà ń ṣe níbẹ̀?

Òòfà ni irin tí ń fa irin. Àwọn ìdérí ìsàlẹ̀ kan ní i lórí. Ó ń gbá lẹ́búlẹ́bú irin mú, kí ó má baà máa ha àwọn eyín. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ dúdú tí ó kúnná lára rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ẹ nù ún. Bí ẹ bá rí ègé irin, ẹ má gbé ẹrù mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ òróró

1. Ẹ wa kẹ̀kẹ́ díẹ̀ kí òróró lè lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ gbé e sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì.

2. Ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí òkè. Bí ó bá kọ̀, ẹ má fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Bí òróró bá dà nù tán, tí òkè kò ṣí, ibo ni ẹ ó gbà da tuntun sí i?

3. Ẹ gbé abọ́ sí abẹ́, kí ẹ tú ti ìsàlẹ̀. Ẹ nu òòfà àti etí ihò. Ẹ pààrọ̀ òrùka tí ń dí ihò náà.

4. Ẹ fi ìka yí ìdérí wọlé, kí ó má baà wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà fún un.

5. Ẹ da òróró tuntun títí yóò fi dé etí ihò òkè, kí ẹ dé e.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó fún tó?

Bí kò bá fún, gbígbọ̀n ọ̀nà á tú u, òróró á sì dà nù. Bí ó bá fún jù, eyín inú ihò á jẹ, ìdérí kò sì ní dì mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ wo ìwé tí ó bá kẹ̀kẹ́ wá. Ẹ wá nọ́ńbà tí Nm tẹ̀lé. Bí ó bá jẹ́ 25 Nm, ẹ di sípánà mú ní ibi tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí ìdérí, kí ẹ fi agbára ìwúwo kílò 10 tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi páìpù mú sípánà gùn sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń kán.

Òróró àtijọ́ ńkọ́?

Ó ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Ẹ má dà á sí oko, sí ẹ̀bá kànga tàbí sínú ọ̀sà. Ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ kọ ORÚKỌ RẸ̀ sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì tí ń kó o jọ. Kí ẹ tó jẹun, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.