Ṣé o mọ̀? Orúkọ tó di ìjìyà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà boycott, èyí tí í ṣe pé kí gbogbo ìlú kẹ̀yìn sí ẹnì kan láti fi jẹ ẹ́ níyà, orúkọ ènìyàn ni: Charles Boycott, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ń gba owó ilẹ̀ fún ìjòyè kan ní àgbègbè Mayo, nílẹ̀ Írẹ́lándì. Nígbà tí ó fẹ́ lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ ní ọdún 1880, alágbàṣe kọ oko rẹ̀, ìránṣẹ́ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ọlọ́jà kò sì tajà fún un mọ́. Ọwọ́ kan kò kúkú gbẹ́rù dórí: 50 òṣìṣẹ́ ni a kó wá láti òkèèrè, tí nǹkan bí 1,000 ọmọ ogun àti ọlọ́pàá sì ń ṣọ́ wọn bí wọ́n ti ń wa ọ̀dùnkún.