Ojú Ọjọ́ Lórí Pílánẹ́ẹ̀tì Ọlọ́sàn-án Títí: Ohun Tí Eré Orí Kọ̀ǹpútà Gbọ́dọ̀ Ṣírò

Òṣùpá kì í kọ ẹ̀yìn sí ayé. Nǹkan bí ọjọ́ 27 ni ó fi ń yí ayé po. Iye ọjọ́ kan náà ni ó fi ń yí lórí ara rẹ̀. Agbára òòfà ayé ni ó dè é bẹ́ẹ̀. Irú ìdè yìí lè wà láàárín ìràwọ̀ àti pílánẹ́ẹ̀tì tí ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Proxima b, tí a kéde àwárí rẹ̀ ní ọdún 2016, ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po ní nǹkan bí ọjọ́ 11; ó ṣeé ṣe kí ó wà nínú ìdè bẹ́ẹ̀, kí ọ̀sán má tán ní apá kan, kí òru má tán ní èkejì.

Eré Elite Dangerous, tí ó jáde ní ọdún 2014, a máa sọ fún òṣèré bí pílánẹ́ẹ̀tì kan bá wà nínú ìdè yìí. Ṣùgbọ́n mímọ ìdè yàtọ̀ sí ṣíṣírò ojú ọjọ́. Ó rọrùn fún ẹni tí ń ṣe eré láti kun apá kan ní iná, kí ó kun èkejì ní yìnyín. Àwòrán yìí lè bá pílánẹ́ẹ̀tì tí kò ní afẹ́fẹ́ mu. Bí afẹ́fẹ́ bá wà, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ní ọdún 1997, Joshi, Haberle àti Reynolds fi ìṣirò kọ̀ǹpútà hàn pé afẹ́fẹ́ tí ó bá nípọn tó lè gbé ooru láti apá ọ̀sán lọ sí apá òru, débi pé afẹ́fẹ́ náà kò ní dì sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2013, Yang, Cowan àti Abbot fi hàn pé bí omi bá wà, ìkùukùu yóò kóra jọ níbi tí ìràwọ̀ ti kan àtàrí, yóò sì dá púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ padà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni eré gbọ́dọ̀ ṣírò pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀. Èkínní ni bí afẹ́fẹ́ ti nípọn tó. Èkejì ni ìrìn rẹ̀: èyí tí ó gbóná ń gòkè ní apá ọ̀sán, ó ń gba òkè lọ sí apá òru, èyí tí ó tutù ń gba ilẹ̀ padà. Ẹ̀kẹta ni omi, nítorí apá òru lè sọ ọ́ di yìnyín, kí ó sì há a mọ́bẹ̀.

Olùkọ́ ni eré náà jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba àwòrán iná àti yìnyín gbọ́ yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń pinnu ojú ọjọ́. Irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lè ṣàlàyé ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà.