Bí Ewéko Ṣe Ń Gbèjà Ara Rẹ̀ Lọ́wọ́ Àrùn: Àpẹẹrẹ Ẹ̀gẹ́

Ewéko kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá fún àrùn. Ibi tí a gbìn ín sí náà ni yóò ti jà. Èèpo ara rẹ̀ àti ìda tó bo ojú ewé ni odi àkọ́kọ́. Bí àrùn bá ré odi yìí kọjá, ìjà di ti inú ara.

Ẹ wo àrùn mòsáíkì, tí ń sọ ewé ẹ̀gẹ́ di alábàwọ́n, tí ó sì ń mú un ká kò. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Eṣinṣin funfun àti igi ẹ̀gẹ́ tó ti lárùn ló ń tàn án kálẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó lágbára a máa dá fáírọ́ọ̀sì náà mọ̀, a sì máa gé àṣẹ tí ó fi ń bí sí i wẹ́lẹwẹ̀lẹ; ewé tuntun a sì lè yọ láìlábàwọ́n. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn ti mú irú ẹ̀gẹ́ tó lè kojú àrùn yìí jáde, bíi TMS 30572.

Kò sí oògùn tí a lè fín láti wò ó sàn. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ má ṣe gé igi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn fún gbígbìn. Ẹ fà á tu, kí ẹ sì béèrè irú tó lè kojú àrùn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tó wà ní àgbègbè yín.