Ọmọ tí Àṣẹ Ń Bà Lẹ́rù: Kí Ni Iṣẹ́ Agboolé?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ jíjẹ́ ni a fi ń mọ ọmọ tí a kọ́ tí ó gbà. Ọmọ tí a pè tí ó dáhùn kíákíá, tí a rán níṣẹ́ tí ó sáré lọ, tí ó rí àgbà tí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí tí ó kúnlẹ̀, òun ni gbogbo agboolé ń yìn. Èyí tí ó bá kọ̀, wọn a ní olóríkunkun ni. Wọn a sì wo ìyá rẹ̀ lójú, nítorí bí ọmọ bá dára, ti bàbá ni. Bí ó bá burú, ti ìyá ni.

Ṣùgbọ́n irú ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ àkẹ́bàjẹ́ a máa kọ ohun tí kò fẹ́. Ọmọ tí à ń wí yìí a máa kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ pẹ̀lú. Ó lè ti máa bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta pé kí wọ́n mú òun lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ìyá òun. Ó ti wọ bàtà, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí bàbá rẹ̀ bá ti wí pé, “Ó yá, bọ́ sínú ọkọ̀,” ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹsẹ̀ a máa dùn ún. Yóò ní òun ti di ajá, ajá kì í sì í wọ ọkọ̀. Bí wọ́n bá tẹnu mọ́ ọn, a lè figbe ta, a lè lu ènìyàn, a lè sá wọ abẹ́ ibùsùn kí ó má jáde mọ́. Ohun tí ará ìta ń pè ní agídí yìí, ìbẹ̀rù ni. Bí àṣẹ bá ti bà á, ṣe ni ó máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1943 ni oníṣègùn Leo Kanner kọ̀wé nípa àwọn ọmọ 11 kan ní Amẹ́ríkà, ìwé tí ó sọ ọ́tísíìmù di mímọ̀ láàrin àwọn oníṣègùn. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1989, Elizabeth Newson ti Yunifásítì Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàlàyé nípa àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n jọ àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tí wọ́n ń ṣàwàdà, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ àti àwàdà náà yẹ ohun tí a bá ní kí wọ́n ṣe. Ó pè é ní Pathological Demand Avoidance, tí wọ́n gé kúrú sí PDA, ó sì tẹ ìwé pàtàkì jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2003. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, nítorí kò sí gẹ́gẹ́ bí àìsàn ọ̀tọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ọ̀pọ̀ wọn kà á sí ọ̀kan lára ọ̀nà tí ọ́tísíìmù ń gbà yọjú. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì wọ aṣọ láti òwúrọ̀ kò lè dúró de òpin àríyànjiyàn náà.

Láyé àtijọ́, wọn ìbá ní emèrè ni. Lóde òní, ilé àdúrà ni ọ̀pọ̀ ń gbé e lọ, àwọn mìíràn sì ń na pàṣán. Pàṣán kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀ ju pé ó sọ ìbẹ̀rù kan di méjì.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Òtítọ́ ni. Àmọ́ nínú ọ̀ràn ọmọ yìí, igba ojú náà a máa yára di igba ẹnu. Ẹ wo ibi ìsọmọlórúkọ: ìyá kan ní, “Wá kí mi.” Òmíràn ní, “Kúnlẹ̀ dáadáa.” Ẹ̀kẹta ní, “Ṣé o kò gbọ́ ni?” Ọmọ subú lulẹ̀, ó ń ké. Ìyá rẹ̀ gbé e jáde pẹ̀lú omijé, láti ọjọ́ náà kò sì lọ sí òde mọ́. Ohun tí ó bá irú ìdílé bẹ́ẹ̀ jẹ́ jù ni èyí: wọ́n wà láàrin ẹbí, wọ́n sì dá wà.

Bẹ́ẹ̀ ni yíyẹ̀ fún ọmọ kan kò ṣàjèjì sí àṣà wa. Bí a bá bí Dàda, ta ni í kàn fi abẹ kan orí rẹ̀? Gbogbo agboolé, títí kan àlejò, ni ó mọ̀ pé orí Dàda ní òfin tirẹ̀. Bí a bá ra aṣọ fún Táíwò, a ó ra ti Kẹ́hìndé. Kò sí ẹni tí ó ń pe ìwọ̀nyí ní ìkẹ́bàjẹ́. Agboolé tí ó lè ṣe èyí lè gbà pé a kì í pàṣẹ fún lágbájá ní gbangba, àti pé bí ó bá juwọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ti kí wa. Bàbá àgbà tí ó bá kọ́kọ́ dáhùn sí ìjuwọ́ yẹn níṣojú gbogbo ènìyàn ti ṣe fún ìyá ọmọ náà ju ẹni tí ó fún un lówó lọ.

Èdè wa pàápàá ti ní ohun èlò tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Àwọn tí ó mọ irú ọmọ báyìí dáadáa ń gbani níyànjú pé kí a dín àṣẹ kù, kí a sì sọ̀rọ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Àwọn ìyá àgbà wa ti ń ṣe èyí tipẹ́. Dípò “Lọ pọn omi wá,” wọn a ní, “Ó dà bí ẹni pé àmù ti gbẹ.” Dípò “Wá jẹun,” wọn a bẹ̀rẹ̀ àlọ́ lẹ́bàá àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: ọmọ yìí ní etí, bí èébú bá wà lábẹ́ òwe, yóò gbọ́ ọ. Ìyìn pàápàá lè di ẹrù fún un, nítorí ẹni tí a yìn lónìí mọ̀ pé a ń retí ohun kan náà lọ́la. Ó sàn kí a yìn ín fún ẹlòmíràn, kí òun ta á gbọ́ lókèèrè.

Ọ̀ràn náà tún le fún àwọn Yorùbá tí ń gbé ní London àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí kò sí agboolé. Ọmọ mìíràn a máa mú ara le ní ilé ìwé títí ilẹ̀ ọjọ́ yóò fi ṣú, kí ó tó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Àwọn olùkọ́ yóò sì ní àwọn kò rí nǹkan kan. Bí ó bá kọ ilé ìwé, òfin gbà kí a bu owó ìtanràn lé òbí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwọn òbí ti dá agboolé sílẹ̀ fún ara wọn: ní ọdún 1962 ni àwọn òbí, tí oníṣègùn Lorna Wing wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní London nítorí àwọn ọmọ wọn tí ó ní ọ́tísíìmù, ní 1997 ni àwọn òbí mìíràn dá ti PDA sílẹ̀. Àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa níbẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀: kí ẹnì kan gbé ọbẹ̀ wá láìjókòó ṣèwádìí, kí ẹlòmíràn jókòó ti ọmọ kí ìyá lè sun oorun wákàtí méjì.

Ó ku àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n, tí wọn kì í sábà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ tí ọ̀kan kọ̀, orí àwọn ni ó ń já lé: àwọn ni ó ń gbálẹ̀, àwọn ni ó ń fọ abọ́, àwọn náà ni wọ́n ń ní kí wọ́n dákẹ́ kí òun má baà bínú. Àbúrò bàbá tí ó bá mú ọ̀kan nínú wọn jáde ní ọjọ́ Sátidé, tí ó ra àkàrà fún un, tí ó sì jẹ́ kí ó sọ pé ó ti rẹ òun, ó ti wọ inú iṣẹ́ náà.