Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ọdún 25 péré ni Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, nígbà tó kú lórí pápá?

Ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989 ni Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré Súrùlérè, l'Ékòó, níbi tí Nàìjíríà ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Àǹgólà nítorí ife àgbáyé. Kò dìde mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru. Àwọn kan á ní ẹkún lórí ẹni tí a kò bá jẹun rí kò ti ọkàn wá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: òkú ọ̀fọ̀ kì í ṣe ti ẹbí nìkan, gbogbo ìlú ló ń dùn.

Ẹlòmíràn á bi mí pé kí ni ẹkún náà mú wá, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù mìíràn, Chineme Martins, tún ṣubú tó sì kú ní Lafia lọ́dún 2020? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì pa Phillip Hughes, ọmọ ọdún 25 bákan náà, ní Australia lọ́dún 2014, àwọn èèyàn gbé igi kíríkẹ́ẹ̀tì wọn síta láti fi dárò rẹ̀. Nígbà tó di 2023, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì Australia sọ ààbò ọrùn di dandan. Ẹkún tó bá béèrè nǹkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹkún tiwa náà ní ohun tó yẹ kó béèrè. Ní Ayétòrò àti àwọn abúlé orí omi Ìlàjẹ, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọpọlọ lè fara dà tí ọkàn bá dákẹ́. Ó yẹ kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kọ̀ọ̀kan tó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà.