Ìwé Mẹ́ta tí Mo Tún Kà

Láti bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń tún àwọn ìwé kan kà, tí mo fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín nígbà kan. Ojú mi kò dá ṣáká bíi tàtijọ́ mọ́, nítorí náà n kì í kà ju ojú ewé mẹ́wàá lọ lóòjọ́, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí oòrùn tó mú. Kíkà díẹ̀díẹ̀ yìí ti wá jẹ́ kí n rí i pé àwọn nǹkan kan wà tí mo sọ fún yín ní kíláàsì tí mi ò rò délẹ̀.

Ẹ ó rántí pé ohun tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ọdún 1938, nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde, ni ìtàn àròsọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń bi yín nínú ìdánwò pàápàá. Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Sẹ̀gilọlá, màá ní, "Ìwé ìròyìn nìyẹn jàre, kì í ṣe lítíréṣọ̀," màá sì kọjá lọ. Ẹ forí jì mí.

Isaac B. Thomas ló kọ Sẹ̀gilọlá. Òun náà ló ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ibẹ̀ ló sì ti ń tẹ ìtàn náà jáde bíi lẹ́tà, láti 1929 wọ 1930, kó tó sọ ọ́ di ìwé. Ìyá àgbà kan tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ló ń ròyìn ara rẹ̀: bí ẹwà ṣe kó sí i lórí, bó ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, títí owó fi tán tí àwọn ọ̀rẹ́ sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń rántí orin tó gbòde nígbà tó wà lọ́mọge. Kò jẹ́ sọ orúkọ rẹ̀ gan-an, ó ní ìtìjú ni. Àwọn òǹkàwé sì kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà, wọ́n ń bá a kẹ́dùn bí ẹni tó wà láàyè lóòótọ́. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ló sì jókòó ti gègé o!

Ẹ wá wo Fágúnwà. Òǹkọ̀wé jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Àkàrà-ògùn sì wọlé tọ̀ ọ́, ó ní kó mú ìwé àti kálàmù kó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ. Àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti wá gbọ́ ìtàn náà. Kí ló dé tí àwọn méjèèjì ò fẹ́ jẹ́wọ́ pé àwọn ló ro ìtàn yìí? Èrò tèmi ni pé lọ́dọ̀ wa, àlọ́ ni ti irọ́ dídùn, alẹ́ la sì ń pa á. Ìtàn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìwé fún àgbà gbọ́dọ̀ wá ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Thomas mú aláìsàn tí ojú ń tì wá, Fágúnwà mú ọdẹ. Mi ò sọ pé èyí kọ́gbọ́n lára ìyẹn o, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni wọ́n ń bá jà, Thomas ló sì kọ́kọ́ débẹ̀.

Oládẹ̀jọ Òkédìjí ló já okùn yẹn sílẹ̀ nínú Àjà Ló Lẹrù, lọ́dún 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àti Tàfá Ìgíripá ń lé àwọn olè kiri, kò sì sí bàbá kankan tó ní ká mú kálàmù wá. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. A ò mọ̀ ju ohun tí Lápàdé mọ̀ lọ, ìyẹn ni ọkàn wa kì í fi í balẹ̀. Ẹ tún gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn níbẹ̀! Èèyàn á rò pé òun wà ní gáréèjì.

Ibí ló ti dùn mí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fẹ́ fi Òkédìjí ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ nígbà kan. Mo ní kó lọ wá ìwé tó wúwo, pé ti olè àti ọlọ́pàá kò tó nǹkan. Kò bá mi jiyàn. Ó lọ kọ lórí Igbó Olódùmarè, ó sì yege, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ní ẹ̀mí nínú. Mo rí i nígbà náà, mo dákẹ́. Atótó Arére tí Òkédìjí kọ lọ́dún 1981 ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ọmọ tí ilé dàrú mọ́ lórí tó sì wá di ọ̀daràn, gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló sì ń rán mi létí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ náà, tó o bá ń ka èyí, tí ìwé tó o ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ, jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á, ojú ewé mẹ́wàá lóòjọ́.