Díìsìkì Kò Kú, Káàdì Ni Kò Rí Ẹni Gbà Á Wọlé

Alẹ́ Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe PhD pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo bá wọn fi operating system tuntun sí kọ̀ǹpútà ńlá tí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn jọ ń lò nínú fúláàtì wọn ní Àgùdà níbí. Ẹ̀rọ náà tàn dáadáa, ó gba password, àmọ́ gbogbo àwòrán ẹ̀fọn tí ẹ̀gbọ́n ti fi máíkírósíkóòpù yà láti ọdún méjì ti di àwátì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó tún ní ti pé oṣù méje. Ọjọ́ mọ́kànlá ló sì kù kó lọ ṣe defence.

Kí n tó dé, wọ́n ti pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Ó ní díìsìkì ti jóná, kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ́máàtì ẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n ní kó dúró dè mí. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, torí tí díìsìkì bá ti jóná, fọ́máàtì ò lè jí i. Tí kò bá sì tíì jóná, fọ́máàtì gan-an ló máa kó ohun tó wà níbẹ̀ lọ.

Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ náà, irú èyí tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun máa ń kó dà nù tí wọ́n bá ti ra tuntun, tí àwa náà á lọ rà á ní Computer Village n'Ìkẹjà. SSD kékeré tí OS wà lórí ẹ̀ la so mọ́ motherboard tààrà. Àwọn díìsìkì ńlá mẹ́rin tí iṣẹ́ wà nínú wọn kò fara kan motherboard. Káàdì kan ló wà láàárín. Káàdì yìí là ń pè ní storage controller: òun ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà sọ fún díìsìkì, tó sì ń mú èsì padà. LSI SAS2008 ni chip tó wà lórí tiwa, irú tó wà nínú Dell PERC H200.

Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, mo tẹjú mọ́ ọn. Kí Linux tó bẹ̀rẹ̀ rárá, káàdì fúnra ẹ̀ kọ orúkọ díìsìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí Linux wọlé, mo tẹ lsblk: SSD nìkan ló jáde. Ìyẹn ni pé káàdì rí díìsìkì, Linux ni kò rí káàdì lò. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni dráífà.

Dráífà tí mo ń wí kì í ṣe ti dáńfó Ojúẹlẹ́gba o. Ètò kékeré kan ni nínú kernel, ìyẹn ọkàn OS, tó gbọ́ èdè irú ẹ̀rọ kan. Báwo ló ṣe ń dá ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ̀? Káàdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ alápá méjì: apá kìíní ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, apá kejì ń sọ irú èyí tó jẹ́. Ti káàdì wa ni 1000:0072. Dráífà sì ní ìwé orúkọ lọ́wọ́ bíi mégáàdì ẹnu géètì estate. Tí nọ́ńbà yín bá wà nínú ìwé, ẹ wọlé. Tí kò bá sí, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́wàá lẹ ti ń gba ibẹ̀ kọjá, ì báà mọ̀ yín dáadáa, géètì ò ní ṣí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tí Red Hat gbé RHEL 8 jáde ní May 2019, wọ́n yọ nọ́ńbà ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́ kúrò nínú ìwé àwọn dráífà bíi mpt3sas àti megaraid_sas. Ìmọ̀ tí mpt3sas fi ń bá SAS2008 sọ̀rọ̀ ṣì wà nínú Linux gbogboogbò. Orúkọ ni wọ́n pa rẹ́. Àwọn OS tí wọ́n ń kọ́ láti ara RHEL jogún ìwé kúkurú yẹn, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì fi sí ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n. CentOS 7 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí gbogbo díìsìkì, ṣùgbọ́n àtìlẹ́yìn rẹ̀ parí ní June 30, 2024. Gbangba ni wọ́n kọ ọ́ sínú àlàyé ẹ̀dà 8 pé àwọn káàdì yìí ti kúrò. Èmi ni mi ò kà á. Ìdí wọn yé mi: ilé iṣẹ́ tó ń ta àtìlẹ́yìn gbọ́dọ̀ máa dán káàdì kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú ẹ̀dà tuntun, owó sì ni. Àmọ́ káàdì tí wọ́n ń pè ní àtijọ́ lọ́hùn-ún ni àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lánàá.

Tí irú ẹ̀ bá bá yín, ẹ tẹ lspci -nnk. Tí káàdì yín bá wà níbẹ̀ tí kò sì sí "Kernel driver in use" lábẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ mégáàdì ni. Tí káàdì ò bá tiẹ̀ sí nínú ohun tó jáde, ẹ ṣí ẹ̀rọ, ẹ wò ó bóyá ó ti mì kúrò lójú ihò ẹ̀.

Èmi kọ́kọ́ fi flash tí Ubuntu wà lórí ẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, láì fi nǹkan kan sínú ẹ̀. Díìsìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọjú. Mo fi mount -o ro ṣí wọn, kó jẹ́ kíkà nìkan, a sì ń kó fáìlì sí díìsìkì ìta títí ilẹ̀ fi mọ́. NEPA mú iná lọ láago mẹ́ta, inverter ló gbà wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó lọ gba kmod-mpt3sas ní ELRepo, àwọn tó ń kọ́ irú dráífà báyìí fún ẹbí RHEL. Tí Secure Boot bá wà ní títàn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ wọn wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kernel ò ní dá a lóhùn. AlmaLinux 9.4, tó jáde ní May 2024, ti dá irú àwọn nọ́ńbà yìí padà fúnra ẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, òun ni ǹ bá fi sí i.

Ẹ̀yin tó ń lo Windows, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àtìlẹ́yìn Windows 10 parí ní October 14, 2025, ọ̀pọ̀ sì ń gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lọ sí 11. Tí ẹ bá rí INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE lójú búlúù, ẹ wo BIOS kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 inú tòkunbọ̀ sábà máa ń ti kú. Tí iná bá tán pátápátá, BIOS á gbàgbé ohun tí wọ́n tò sínú ẹ̀, SATA mode tó wà ní AHCI lè di IDE tàbí RAID, Windows á wá máa fi dráífà tí kì í ṣe tirẹ̀ wá díìsìkì. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà. Kí kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín sì wà lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀gbọ́n ti rí àwòrán ẹ̀fọn ẹ̀. Ó ní títí òun á fi ṣe defence tán, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi update kankan sí ẹ̀rọ yẹn, mo sì gbà, torí kernel tuntun lè béèrè kmod tuntun.